Kátà Ewúrẹ́: Àrùn Kan, Orúkọ Méjì



Bí ẹ bá dàgbà ní Ìsarà, tàbí ní ìlú mìíràn ní Rẹ́mọ, ẹ ti rí i rí. Ewúrẹ́ márùn-ún wà ní àgbàlá ìyá àgbà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀kan nínú wọn kò bá àwọn yòókù lọ sídìí èèpo ẹ̀gẹ́, ó kàn dúró, irun ara rẹ̀ ta gàngàn. Lọ́jọ́ kejì, ikun ń ṣàn ní imú rẹ̀, ipin ti dí i lójú. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹnu rẹ̀ ń rùn, egbò ti bo ètè àti ahọ́n rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ó ti kú, méjì mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ẹnìkan ní èèpo ẹ̀gẹ́ ló pa á. Ẹlòmíràn ní aládùúgbò ló fi májèlé sílẹ̀, nítorí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ lánàá. Ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí láàárín agboolé méjì.

Ìtàn bí a ṣe mọ ohun tí ó ń pa ewúrẹ́ wọ̀nyí ni mo mú wá lónìí.

Àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Kátà ni wọ́n ń pè é, nítorí ikun imú yẹn. Orúkọ náà wọlé débi pé nígbà tí àwọn dókítà ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa àrùn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, “kata” náà ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1942, ọdún kan lẹ́yìn tí Samuel Akínsànyà gorí oyè Ọdẹmọ ti Ìsarà, dókítà ẹran méjì kan, Gargadennec àti Lalanne, ti kọ̀wé nípa àrùn ewúrẹ́ kan ní Ivory Coast, tó wà lábẹ́ ìjọba Faransé nígbà náà. Ohun tí wọ́n rí jọ rinderpest, àjàkálẹ̀ àrùn tó ti pa màálù ilẹ̀ Áfíríkà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹnu ẹran ń dá egbò, inú ń ṣu, ẹran ń kú. Ẹnikẹ́ni ni ìbá wí pé rinderpest náà ni. Àmọ́ ohun kan ya àwọn ọkùnrin yìí lẹ́nu: màálù tó ń gbé pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ náà kò ṣàìsàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Gbogbo wa la máa ń wo èyí tó ń kú. Ẹni tó bá ń tọpasẹ̀ àrùn máa ń wo èyí tí kò kú pẹ̀lú. Ta ló wà níbẹ̀ tí kò mú? Kí ló yà á sọ́tọ̀? Kò sí ẹ̀rọ ńlá kankan nínú ìbéèrè yẹn, ojú àti sùúrù ló gbà. Láti ibẹ̀ ni èrò ti wá pé ó ṣeé ṣe kí àrùn yìí dá dúró fúnra rẹ̀. Wọ́n fún un lórúkọ lédè Faransé tó túmọ̀ sí àjàkálẹ̀ àrùn àwọn ẹran kéékèèké tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Òun ni ayé ń pè ní PPR lónìí.

Ó wá di pé àrùn kan ní orúkọ méjì. Ní Senegal àti Dahomey (Benin òde òní nìyẹn), orúkọ Faransé ni wọ́n ń lò. Níbí, kátà ni. Ní 1967, Whitney, Scott àti Hill kọ̀wé lórí àrùn ẹnu àti ìfun ewúrẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà. Ní ìhà kejì ẹnubodè, àwọn tí ń kọ̀wé ní èdè Faransé ń ṣe tiwọn. Ewúrẹ́ kì í gba ìwé ìrìnnà kó tó kọjá ní Ìdí-Ìrókò, èdè àwọn tó gba ìjọba lọ́wọ́ wa ló pààlà sáàárín ìmọ̀. Ọdún 1970 ni Rowland àti Bourdin tó fi ẹran ara ewúrẹ́ tó kú níhìn-ín wé ti ọ̀hún, tí wọ́n sì rí i pé ọ̀kan náà ni. Ní 1976, Hamdy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì PPR ló ń fa kátà ewúrẹ́ kúkúrú wa. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní 1979, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe rinderpest tó pàwọ̀ dà. Ìbátan rẹ̀ ni. Ẹ sì mọ ẹlòmíràn tó wà nínú ẹbí náà? Éèyi, tó máa ń mú àwọn ọmọ wa kéékèèké. Ìyẹn ni pé kátà ewúrẹ́ jẹ́ ìbátan àrùn tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní oṣù mẹ́sàn-án. Kí ọkàn yín balẹ̀, PPR kì í ran ènìyàn.

Ní ti bó ṣe ń rìn láti agboolé dé agboolé, Ìbàdàn la ti rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́. Ní àwọn ọdún 1980, àjọ ILCA, tó ń ṣèwádìí lórí ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ewúrẹ́ ní àwọn abúlé ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ tó le ni? Ewúrẹ́ wa kò sí nínú ọgbà, ìgboro ni wọ́n ń jẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyàwó, ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ tó wà l'Ékòó, ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀rẹ́ tó fún ni sìn kí a lè pín ọmọ. Bí ọ̀kan bá kú, wọn ti sun ún kí dókítà tó dé. Ẹni tó fẹ́ mọ iye tó kú gbọ́dọ̀ jókòó ti àwọn ìyá, kó máa béèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jáde ni pé PPR wà ní iwájú nínú ohun tó ń pa ewúrẹ́ abúlé. Abẹ́rẹ́ rinderpest tí wọ́n ṣe fún màálù ni wọ́n fi ń dáàbò bò wọ́n nígbà náà, ó sì ṣiṣẹ́, nítorí ìbátan yẹn.

Èyí tí inú mi dùn sí jù rèé. Ní ọdún 1975, wọ́n gba fáírọ́ọ̀sì náà lára ewúrẹ́ kan tó kú ní Nàìjíríà. Wọ́n pè é ní Nigeria 75/1. Ní 1989, Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di aláìlágbára nínú yàrá àyẹ̀wò, tó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára. Abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n ń gún fún ewúrẹ́ káàkiri Áfíríkà, dé Éṣíà. Ẹran kan tí ẹnikẹ́ni ìbá ti sun jẹ nílé wa! Wọ́n kéde ní 2011 pé rinderpest ti kúrò láyé, ní 2015 sì ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Abidjan, wọ́n ní PPR ló kàn, kó tó di 2030. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan a máa dáàbò bo ewúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ilé ìwádìí NVRI ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe é. Àmọ́ òtútù ni kó máa gbé. Bí ẹnìkan bá gbé e kiri nínú oòrùn Ṣágámù láìsí yìnyín, omi lásán ló ń gún.

Ẹ gbọ́, kì í ṣe gbogbo ewúrẹ́ tó kú ni PPR pa. Ní oṣù keje 2023, wọ́n rí anthrax ní oko ẹran kan ní ìpínlẹ̀ Niger, lẹ́yìn tó ti pa ènìyàn kan ní àríwá Ghana. Èyí ń ran ènìyàn. Bí ẹran bá ṣubú kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde ní imú tàbí ìdí rẹ̀, ẹ má dú u, ẹ má bó o, ẹ má tà á, ẹ pe dókítà ẹran. Abẹ́rẹ́ tí ẹ rà fún ara yín ní kẹ́místì kò pa fáírọ́ọ̀sì PPR. Ẹ má fi ṣòfò.

Bí dókítà ẹran bá dé àgbàlá yín ní Ìsarà, yóò bi yín léèrè: Èwo ló kọ́kọ́ ṣàìsàn, ọjọ́ wo? Mélòó ni gbogbo wọn, mélòó ló kú? Ṣé àwọn ọmọ tó ti tó oṣù mẹ́rin ló ń mú jù? Ṣé àgùntàn tó wà láàárín wọn ń ṣàìsàn? Ṣé aboyún kan ṣẹ́ oyún? Ta ló ra ewúrẹ́ tuntun wálé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọjà wo ló ti rà á? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń bí àwọn ènìyàn nínú, wọ́n á ní ó ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ọ̀nà tí àrùn gbà wọlé ló ń wá. Ẹran tuntun lè dà bí ẹni pé ara rẹ̀ le, kí àrùn wà nínú rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó fara hàn. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ so ẹran tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó má bá àwọn yòókù mu nínú agbada kan.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní ewúrẹ́ nílé, pàápàá jù lọ ẹni tó ń múra àtira ẹran wálé fún ọdún tó ń bọ̀.