Ta Ní Di Ọsán Mú? Ìdáàbòbò Ọdẹ Nínú Ìtàn Àkàtàǹpó

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa àkàtàǹpó, agbára rẹ̀ lójú ogun ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú. Wọn a tọ́ka sí Ìgbìmọ̀ Látẹ́ránì Kejì ti ọdún 1139, níbi tí àwọn aṣáájú Ìjọ Kátólíìkì ti fòfin de fífi àkàtàǹpó àti ọfà bá Kristẹni jà. Ìtàn mìíràn wà tí kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀: bí àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣe ń wá ọ̀nà láti dáàbò bo ẹni tí ó gbé ohun ìjà náà dání. Ìtàn kejì yìí ni ó ṣàlàyé ìrísí àkàtàǹpó ọdẹ òde òní jù lọ.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọrun àti àkàtàǹpó ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ ọdẹ ni ó ń di ọsán ọrun mú. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò dẹ ọsán padà díẹ̀díẹ̀, ewu sì parí. Ní ti àkàtàǹpó, a de ọrun ní ìbú mọ́ orí igi, eyín kan lára igi náà ni ó sì ń di ọsán mú. Ọdẹ lè fa ọsán sílẹ̀, kí ó sì lúgọ de ẹran pẹ́ títí láìsí pé apá ń ro ó. Ṣùgbọ́n agbára tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ mọ́ lè tú nígbàkígbà láìròtẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà tú ọsán sílẹ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní Ṣáínà, wọ́n ti ń fi idẹ rọ ohun ìfà àkàtàǹpó kí a tó bí Jésù. Láàárín àwọn Fang ní Gàbọ́ọ̀nù, ńṣe ni wọ́n ń la igi àkàtàǹpó sí méjì ní gígùn. Ìlàjì òkè ni ó ní eyín tí ọsán há sí. Ìlàjì ìsàlẹ̀ ní èèkàn kékeré kan. Bí ọdẹ bá fún ìlàjì méjèèjì pọ̀, èèkàn náà á ti ọsán jáde. Ní ọdún 1909, Henry Balfour ti Pitt Rivers Museum ní Oxford jiyàn pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù ni àkàtàǹpó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó ka ti Fang mọ́, ti ṣẹ̀ wá, nítorí pé irú èèkàn bẹ́ẹ̀ wà lára àkàtàǹpó ilẹ̀ Nọ́wè.

Ibi yòówù kí ó ti ṣẹ̀ wá, ìlànà yìí bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Oró tí a fi pa ọfà Fang ni ó ń pa ẹran, kì í ṣe agbára ọrun. Ọfà náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Paul Du Chaillu fi ṣàlàyé, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1861, pé oje igi ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀ kí ó má baà jábọ́.

Àkàtàǹpó ọdẹ òde òní kò gbẹ́kẹ̀ lé oró. Ọfà olórí abẹ ni ó ń ta, agbára ni ó sì fi ń gún ẹran. Kẹ̀kẹ́ orí apá ọrun, tí Holless Wilbur Allen gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, ti wọ inú ọ̀pọ̀ wọn. Púpọ̀ nínú wọn ń béèrè agbára bí 150 sí 200 pọ́ùn kí ọsán tó fà dé ibi ìfikọ́, ọfà wọn sì ń sáré ju 300 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ewu mẹ́ta ni agbára yìí bí.

Àkọ́kọ́ ni fífà á. Ọdẹ a ki ẹsẹ̀ bọ irin iwájú rẹ̀, a sì fi okùn oníkẹ̀kẹ́ méjì fa ọsán. Okùn náà ń dín agbára tí ọwọ́ ń lò kù sí bí ìdajì, ó sì ń jẹ́ kí ọsán wọlé ní ọgbọọgba.

Èkejì ni kí ọsán tú ní àìtọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àkàtàǹpó, ìdènà ohun ìfà máa ń ti ara rẹ̀ ní kété tí ọsán bá há. Ìkọ́ kékeré mìíràn tún wà ní ojú ọ̀nà ọsán, tí kì í yẹ̀ àfi bí ìdí ọfà bá tì í. Bí a bá ta á lófìfo, kò sí ọfà tí yóò gbé agbára náà lọ. Ara ọrun ni yóò padà sí. Àwọn àgbà ní bí ọsán bá já, ọrun di ọ̀pá; èyí lè di àfọ́kù ní ojú ọdẹ.

Ẹ̀kẹta ni àtàǹpàkò. Ọsán ń gba orí igi kọjá, ìka tí ó bá yọ sókè lè gé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ìgbá sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọwọ́ iwájú ń dì mú.

Síbẹ̀, kò sí ìdènà tí ó mọ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ẹran. Ọdẹ kò gbọdọ̀ gun igi pẹ̀lú àkàtàǹpó tí a ti fà. Bí ọjọ́ bá sì rọ̀ tí kò rí ẹran, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni a kò lè tú láìséwu àyàfi kí a ta ọfà sínú ohun tí a yàn fún un. Balfour fi èèkàn wá orísun àkàtàǹpó. Èèkàn yẹn kan náà, àti ìdènà òde òní, tún lè fi hàn wá irú ewu tí ìran kọ̀ọ̀kan mọ̀, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó ti oko ọdẹ dé láìfarapa.