Ọwọ́ Tí Ó Tẹ Èèkù

Àwọn àgbà ní, bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni John Moses Browning, ọmọ Amẹ́ríkà, fi sára ìbọn ìléwọ́ tí ó ń ki ara rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ náà gbà ní oṣù kẹta ọdún 1911. Ahọ́n irin kan wà lẹ́yìn èèkù rẹ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ kò bá tẹ̀ ẹ́ wọlé, kò ṣeé yìn. Nítorí àwọn ológun ẹlẹ́ṣin, tí ọwọ́ kan wọn wà lórí ìjánu, ni a ṣe fi ìdènà kejì, ti àtàǹpàkò, kún un.

Ṣùgbọ́n òòlù ẹ̀yìn ìbọn náà a máa bu awọ tí ó wà nídìí àtàǹpàkò jẹ. Nítorí náà, láàrin ọdún 1920 sí 1930, a mú ahọ́n náà gùn sí i, a sì pe ìbọn náà ní M1911A1.

Ìṣòro mìíràn tún yọjú. Ẹni tí ó bá gbé àtàǹpàkò lé ìdènà kejì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lè ṣí kúrò lára ahọ́n, ìbọn a sì kọ̀ jálẹ̀ ní wákàtí ewu. Àwọn kan kan ahọ́n náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Àwọn aṣebọn mìíràn fi kókó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọwọ́ lè bá a.

Ọ̀nà kejì ni ó sàn jù: bí aṣọ́nà kò bá tètè ṣílẹ̀kùn, a kì í torí bẹ́ẹ̀ lé e lọ.