Ilé Olóyè Ogiamien ní Ìlú Bìnì

Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ìlú Bìnì ní oṣù kejì ọdún 1897, iná jó ààfin Ọba Ovonramwen àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àwọn ìjòyè rẹ̀. Ọba fúnra rẹ̀ ni a kó lọ sí Kàlàbá. Lára àwọn ilé díẹ̀ tí iná náà dá sí ni ilé Olóyè Ogiamien. Ìdílé náà kì í ṣe ìdílé kékeré: ìtàn àwọn Ẹ̀dó sọ pé ìran yìí ni ó bá ìran Ọ̀rányàn du ipò ọba Bìnì ní àtijọ́.

Amọ̀ pupa ni a fi mọ ilé náà ní ìpele-ìpele. A fa ilà gbọọrọ sí ara ògiri rẹ̀, a sì dán an. Irú ilà bẹ́ẹ̀ jẹ́ àmì ipò gíga láàrin àwọn Ẹ̀dó. Àwọn yàrá rẹ̀ yí àgbàlá ká, ibẹ̀ sì ni omi òjò ń ṣàn sí láti orí òrùlé.

Ní ọdún 1959, ìjọba kéde ilé yìí gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, lábẹ́ òfin ọdún 1953. Láti ọdún 1979 ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà lábẹ́ àjọ tí ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í dí òrùlé tí ń jò. Omi ni ọ̀tá ògiri amọ̀. Bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

Àwọn kan rò pé sìmẹ́ǹtì ni ó yẹ kí a fi rẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì le ju amọ̀ lọ. Ó ń sé ọ̀rinrin mọ́ inú ògiri títí amọ̀ yóò fi máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Amọ̀ ni a fi ń tún amọ̀ ṣe, ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n sì ni ó yẹ kí ó ṣe é.

Nítorí náà, ìjọba tí ó ní kí onílé má ṣe pa ilé rẹ̀ dà kò gbọdọ̀ fi ẹrù àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún onílé nìkan. Ó yẹ kí a ran ìdílé náà lọ́wọ́, kí a sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ògiri amọ̀ nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Yóò jẹ́ ìtìjú bí òjò bá wó ilé tí iná ọdún 1897 kò jó.