Àlejò Elédè Mìíràn li Ẹnu Ọ̀nà Ilé-Ìsìn

Bí ènìà bá dúró li ẹnu ọ̀nà Ẹ́stéètì Ìbà li òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, kí ó tó pé wákàtí kan, yóò ti gbọ́ èdè bí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Yóò gbọ́ Yorùbá li ẹnu àwọn Àwórì tí í ṣe onílẹ̀. Yóò gbọ́ Ẹ̀gùn li ẹnu àwọn tí ó ti ìhà Àgbádárìgì wá. Yóò gbọ́ èdè Íbò li ẹnu àwọn oníṣòwò Àlàbà àti Òkòkòmáíkò. Yóò sì gbọ́ Faransé li ẹnu àwọn ará Kútọnu àti Lómè tí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ gbé dé àárín wa. Ṣùgbọ́n bí agogo bá ti dún, tí gbogbo wọn sì wọlé, èdè kan li ó pọ̀jù nínú ohun tí a ń kà àti èyí tí a fi ń wàásù, èyíinì ni Gẹ̀ẹ́sì.

A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún èyí. Nígbàtí ìjọba Alhaji Lateef Jakande, tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1979 dé ọdún 1983, ń kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí, kì í ṣe ìran kan ṣoṣo li a kọ́ wọn fún. Aládùúgbò ọ̀tún kò gbọ́ èdè aládùúgbò òsì. Gẹ̀ẹ́sì li ó bá wọn làjà. Nígbàtí a sì ń kó ìtàn jọ fún ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, ọ̀rọ̀ kan jáde láàrin wa tí kò fẹ́ tán. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, ṣé kí a máa kí wọn káàbọ̀ li ẹnu ọ̀nà kí ó sì parí síbẹ̀, tàbí kí a fún wọn li ohùn nínú ìsìn pẹ̀lú? Àwọn kan wí pé bí a bá gba èdè kejì láyè, ìjọ yóò pín. Àwọn kan dá wọn lóhùn pé ó ti pín ná, ojú wa ni kò rí i. Nígbàtí àríyànjiyàn náà fẹ́ di ìbínú, a fi í sílẹ̀, a sì lọ wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó ṣáájú wa.

Freetown ni kí a kọ́kọ́ lọ. Ìjọ C.M.S. tí ó wà níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1840 jẹ́ ìjọ elédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú li ó kún ìlú náà, èdè wọn sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Koelle, àlùfáà ọmọ Jámánì, fi rí ju ọgọ́rùn-ún èdè kó jọ nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1854, láì kúrò ní Sierra Leone. Àwọn míṣọ́nnárì rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan li ó lè so irú agbo bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìdí náà kò burú. Òun kannáà li àwa ní Ìbà ń sọ títí di òní.

Láàrin wọn ni Samuel Ajayi Crowther wà, ọmọ Òṣógùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821 tí a sì gbà sílẹ̀ li òkun ní ọdún 1822. A fi oyè àlùfáà jẹ ẹ́ ní London ní ọdún 1843, ó sì padà dé Freetown kí ọdún náà tó parí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, ọdún 1844, ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe nínú ilé-ìsìn Gẹ̀ẹ́sì náà rí: ó fi èdè Yorùbá gbàdúrà, ó fi kàwé, ó sì fi wàásù. Ilé kún. Kì í ṣe àwọn Yorùbá nìkan li ó wá. Àwọn Íbò àti àwọn ará Kàlàbá pẹ̀lú wá láti gbọ́ bí yóò ti rí.

Ohun tí ó ṣe wá ní kàyéfì jùlọ nínú ìròhìn tí ó kọ ni pé ẹ̀rù bà á. Èdè ìyá rẹ̀ ni, ó gbọ́ ọ dáradára, síbẹ̀ ó wí pé li ọjọ́ náà òun dàbí ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti í sọ̀rọ̀. Ó yé wa. Èdè tí a fi ń ná ọjà, tí a fi ń pe ọmọ wálé jẹun, tí ẹlòmíràn nínú ìjọ sì kà sí èdè àwọn tí kò tíì lajú, òun li a wá gbé lọ sí ibi tí a ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti ọdún pípẹ́. Nígbàtí àdúrà parí, ohun tí àwọn ènìà fi dáhùn ni "Kí ó ṣẹ." Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Ohun tí nwọ́n máa ń wí nílé, nígbàtí àgbà bá súre fún wọn, li ó jáde li ẹnu wọn.

A fẹ́ kí ẹ kíyèsí bí nwọ́n ti ṣe é. Crowther kò kó àwọn Yorùbá jáde lọ sí abẹ́ igi. Inú ilé-ìsìn kannáà ni nwọ́n wà, aṣọ àlùfáà kannáà li ó wọ̀, a sì ń ṣe ìsìn náà li ọ̀sẹ̀ li ọ̀sẹ̀. Ìsìn Gẹ̀ẹ́sì kò dúró. Ìjọ Freetown kò pín nítorí rẹ̀. Àní, láti inú rẹ̀ li iṣẹ́ Abẹ́òkúta ti jáde, nígbàtí Crowther àti Townsend wọ ìlú náà ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Láti inú rẹ̀ pẹ̀lú li apá kan Ìwé Àdúrà li èdè Yorùbá ti jáde ní ọdún 1850, àti odindi Bíbélì ní ọdún 1884, lẹ́hìn iṣẹ́ ogójì ọdún. Àwa tí a wá ń pe ìsìn Yorùbá ní ti ìbílẹ̀, bí ẹni pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé àlejò li òun náà jẹ́ rí li ẹnu ọ̀nà ìjọ elédè Gẹ̀ẹ́sì.

Nísisìyí ẹ jẹ́ kí a wo ìhà kejì, èyí tí kò dùn mọ́ wa nínú tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tí a fi gbé Ajayi kúrò ní Èkó, ọkọ̀ àwọn Potogí ni, Brazil li ó sì ń lọ. Bí ọkọ̀ ogun Myrmidon kò bá pàdé rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ibẹ̀ ni ìbá gúnlẹ̀ sí. A ìbá ti sọ ọ́ ní António tàbí Francisco, kò sì ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá li ọkọ̀ wọn kò pàdé ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn dé Brazil. Àwọn mìíràn dé Kúbà, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Lukumí, tí èdè Spania sì di èdè àwọn ọmọ wọn. A kò mú oko ẹrú kúrò ní Kúbà títí di ọdún 1886, tàbí ní Brazil títí di ọdún 1888. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ wọnnì tó dé, àwọn tí ó ra ara wọn padà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn wálé.

Nwọ́n dé Èkó. Benjamin Campbell, tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ láti ọdún 1853 títí di ọdún 1859, fẹ́ràn wọn, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí nwọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́: bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ. Nwọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, àwọn ará ìlú sì pe gbogbo wọn ní Àgùdà, ìbá à ṣe Potogí ni nwọ́n ń sọ tàbí èdè Spania. Àwọn tí ó ti Kúbà wá kéré sí àwọn ará Brazil, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò parun. Ẹni tí ó bá gba Campos Square kọjá li Èkó, orúkọ ìdílé tí ó ti Kúbà wá li ó ń pè. Hilario Campos, ọmọ ìdílé náà, li ó sì kọ́ ilé tí a ń pè ní Cuban Lodge sí òpópó Odunlami ní ọdún 1931.

Àwọn Sàró wà li Èkó kannáà, nwọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, nwọ́n sì jẹ́ ọmọ ìjọ C.M.S. Ìran kan ni nwọ́n jẹ́ pẹ̀lú àwọn Àgùdà. Ó lè jẹ́ pé ogun kannáà li ó kó baba wọn. Li ọjà, nwọ́n ń fi Yorùbá bá ara wọn sọ̀rọ̀, nwọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yékéyéké. Nígbàtí ọjọ́ ìsinmi bá dé, olúkúlùkù a wọ aṣọ ìlú tí ó ti ṣe ẹrú tàbí àtìpó, a sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìjọ wa ti ní ilé ní Breadfruit, ní Èbúté-Èrò àti ní Fájì. Ní ọdún 1867 a fi ìpìlẹ̀ Christ Church lélẹ̀ ní Marina, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè ìsìn. Àwọn Àgùdà kò ní àlùfáà kan. Ọ̀kan nínú wọn tí nwọ́n ń pè ní Padre Antonio li ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ní ọdún 1863 ni Father Borghero, ọmọ Ítálì, ti Dahomey wá bẹ̀ wọ́n wò, ó sì lè fi Potogí bá wọn sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1868 àwọn fadà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé láàrin wọn. Ní ọdún 1881 a parí ilé-ìsìn Holy Cross, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ Àgùdà fúnrawọn li a sì fi kọ́ ọ, tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo Èkó fi ń wò ó.

Kí a má ṣe purọ́ fún ara wa: èdè nìkan kọ́ li ó yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ wa. A ti ṣe ìrìbọmi fún wọn nínú ìjọ Pàdé, nwọ́n sì fẹ́ràn àwọn ẹni mímọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò lè wí pé ìwé àdúrà kan ṣoṣo li èdè Spania ìbá ti yí wọn padà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Campbell ti ń gbà wọ́n sílé títí dé ọdún 1868, ìyẹn ju ọdún mẹ́wàá lọ, àwọn ènìà wọ̀nyí ń gbé nítòsí wa láìní àlùfáà. Padre Antonio tí kò ní oyè kankan li ó ṣe fún wọn ohun tí àwa tí a ní àlùfáà kò ṣe. Èyí ni ó ń dùn wá.

Bẹ́ẹ̀ni kì í ṣe pé Ìjọ wa kò mọ ohun tí ó yẹ. Ẹ̀kọ́ kẹrìnlélógún nínú Ẹ̀kọ́ Mọ́kàndínlógójì, tí a tẹ̀ sí ẹ̀hìn Ìwé Àdúrà, sọ gbangba pé ó lòdì sí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kí a máa gbàdúrà nínú ìjọ li èdè tí àwọn ènìà kò gbọ́. A kọ ọ́ nítorí èdè Látìn, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Látìn, kò sì yọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Àwọn ará Wales gba Ìwé Àdúrà li èdè wọn ní ọdún 1567. Ní ti èdè Spania, a ti yí Ìwé Àdúrà sí i ní London ní àkókò Ọba James Kìíní. Ọdún 1623 li ó wà lára ìwé náà. Ìwé náà ti wà ju igba ọdún lọ kí àwọn ará Kúbà tó gúnlẹ̀ li Èkó.

Ní Kúbà fúnrarẹ̀, ìlú Matanzas, àárín oko ìrèké níbi tí àwọn Lukumí pọ̀ sí, ni Pedro Duarte ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ Episcopal li èdè Spania ní ọdún 1883. Àwọn àlùfáà Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìsìn fún àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní Havana ṣáájú èyíinì. Èdè àwọn onílẹ̀ li ó fi gbòǹgbò múlẹ̀. Ìjọ náà jìyà púpọ̀ lẹ́hìn ìyípadà ìjọba ọdún 1959, ó sì dá dúró fún ìwọ̀n àádọ́ta ọdún, títí Ìjọ Episcopal ti Amẹ́ríkà fi pinnu ní ọdún 2018 láti gbà á padà. Ó dùn mọ́ wa láti rò pé àwọn tí baba wọn sọ Yorùbá wà nínú àwọn tí ń ka Ìwé Àdúrà wa níbẹ̀ li èdè Spania.

Ẹnìkan nínú wa rán wa létí orí kẹfà Ìṣe Àwọn Àpóstélì. Àwọn opó elédè Hélénì ráhùn pé a ń gbójú fò wọ́n níbi oúnjẹ ojoojúmọ́. Nígbàtí a yan ọkùnrin méje láti tọ́jú ọ̀rọ̀ náà, orúkọ àwọn méjèèje jẹ́ orúkọ Hélénì. Ìjọ náà fi ìwọ̀n oúnjẹ lé àwọn aráhùn náà lọ́wọ́. Lẹ́hìn tí ó ka èyí tán, a wo orúkọ àwọn tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ tiwa, olúkúlùkù wa sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀gùn li ó kù ní báyìí. Nwọ́n wà li ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kí a tó la títì sí i, kí ẹnikẹ́ni tó ro Ẹ́stéètì Ìbà. Nígbàtí Gollmer, Townsend àti Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845, láàrin àwọn Ẹ̀gùn ni nwọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni nwọ́n sì gbé fún ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún wọn. Odindi Bíbélì li èdè Ẹ̀gùn ti wà láti ọdún 1923. Nígbàtí a ka àwọn ìwé tí ó wà nínú àpótí ìjọ wa nítorí àjọ̀dún yìí, a rí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, a rí ti Yorùbá, a sì rí ti Íbò méjì. Ti Ẹ̀gùn kò sí níbẹ̀. Àwọn ìyá Ẹ̀gùn mẹ́rin tí ń jókòó li àga ẹ̀hìn ti bá wa sìn láti ọdún pípẹ́, nwọn kò sì bèèrè rí. A ti rán ènìà lọ sí Àgbádárìgì láti rà á wá.