Àkọsílẹ̀ orin Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ títẹ orin Yorùbá sórí ìlà márùn-ún tàbí ní dò-re-mí pẹ̀lú ètò bíi Sibelius, MuseScore (ọ̀fẹ́ ni) àti LilyPond ni èyí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. T. K. E. Phillips, olùtẹ dùùrù Kàtídírà Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, fi ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1953 ṣàlàyé bí ohùn orin ṣe ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó tọ̀nà gan-an: bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ yí nìyẹn.

Ìlù dùndún ló le jù láti kọ sílẹ̀. Bí onílù bá ń fún ọṣán, ohùn á máa yọ́ lọ sókè sódò, ìlà márùn-ún kò sì láyè fún un. Àwọn ará Tọ́kì ní irú ìṣòro yìí. Wọ́n pín odidi ohùn kan sí kọ́mà mẹ́sàn-án, LilyPond sì ní àmì fún un. Ní ti dùndún, ìlà tó so ohùn méjì pọ̀ ni a ń fà.

Ọ̀rọ̀ orin náà gba sùúrù. Unicode, ètò kóòdù lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀: lẹ́tà olámì ìsàlẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí a tó fi àmì ohùn lé e. Fọ́ǹtì tí kò bá gbà á á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Wọ́n dá Finale, ètò àkọsílẹ̀ orin mìíràn, dúró ní oṣù kẹjọ 2024. Ẹni tí orin rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó tètè gbé e sí MusicXML, irú fáìlì tí àwọn ètò yòókù lè ṣí.