Àáró Ìyá Mi ní Ìyànsán

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìyànsán, ìyá mi kì í dá bó ẹ̀gẹ́. Àáró ni wọ́n ń ṣe: lónìí oko tiwa, lọ́la oko ìyàwó ilé kejì. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún ti jẹ gbèsè nìyẹn, iṣẹ́ ni yóò sì fi san án, kì í ṣe owó. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Olóko ló ń pe èrò, òun ló ń bọ́ wọn, kò sì sí gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi bá ilé kíkọ́ àti iṣẹ́ àna mu. Fádípẹ̀, onímọ̀ nípa àwùjọ Yorùbá, kọ nípa àṣà wọ̀nyí nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, àmọ́ ìwé náà kò jáde títí di 1970.

Púpurú, oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ló so àwọn obìnrin wa pọ̀ jù. Rírẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan rọrùn. Fífún un, ṣíṣù ú, yíyan án lórí èéfín, híha ẹ̀yìn rẹ̀ tó dúdú kí wọ́n tó gún un, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà (wọ́n sì ń dá òmíràn sílẹ̀). Alágbàṣe là ń sanwó fún báyìí. Ó yá, àmọ́ kì í báni dá sí ọ̀rọ̀ ilé.