Láti Orí Lẹ́tà Dé Orí Zoom: Ǹjẹ́ Ẹ̀kọ́ Ayélujára Lè Rọ́pò Kíláàsì Òṣìṣẹ́?

Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà ní oṣù Èrèlè ọdún 2020 ni ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ti ń béèrè ìbéèrè kan náà: kí ni a tún ń kó òṣìṣẹ́ jọ sínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sí, nígbà tí olùkọ́ lè jókòó síbì kan, kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn sì máa wò ó, kí wọ́n máa gbọ́ ọ, lójú fóònù wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Ìbéèrè yìí kan olùgbé Ìgàndò ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimọ́ṣọ́, níbi tí Ìgàndò wà. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ilé nìkan ni wọ́n ní níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn wà ní Ìkẹjà, ní Àpápá tàbí ní Victoria Island. Ẹni tí wọ́n bá pè sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ní Erékùṣù Èkó ti gbọ́dọ̀ wà lójú pópó kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé kó jókòó sílé kó tan fóònù rẹ̀, ṣé kò ní dúpẹ́?

Ó lè dúpẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ìtàn ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ wa fi hàn pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a ó gbìyànjú láti kọ́ òṣìṣẹ́ láì pè é wá sí kíláàsì. Ó tún fi ohun kan hàn tí àwọn tó ń polówó ẹ̀kọ́ ayélujára kì í sábà mẹ́nu bà.

Kí kíláàsì tó dé rárá, ìkọ́ṣẹ́ ni a ní. Ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ aláró àti ọmọ ahunṣọ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, wọ́n ń fi ojú wò, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe. Nígbà tí ìjọ CMS dá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ìmọ̀ inú ìwé ni wọ́n fi kún un. Wọn kò mú gbígbé papọ̀ kúrò. Ilé ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Èkó ní 1867, ó sì dé Ọ̀yọ́ ní 1896, níbi tí gbogbo ayé ti wá mọ̀ ọ́n sí St. Andrew's. Inú ọgbà kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ń gbé. Bí tíṣà ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń bá ọmọ wí, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀kọ́.

Lẹ́tà ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti rọ́pò kíláàsì. Ní ayé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé tó fẹ́ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò lówó òkè òkun a máa kọ̀wé sí Wolsey Hall ní Oxford tàbí Rapid Results College ní London. Ẹ̀kọ́ á dé nínú àpòòwé, òun náà á fi ìdáhùn ránṣẹ́, á sì máa retí ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀nà báyìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà: láti ilé ni ó ti kàwé gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní ọdún 1944, kí ó tó re ìlú Ọba lọ kọ́ òfin. Àṣeyọrí ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí lẹ́tà lè kọ́ni: ìṣirò owó, ètò ọrọ̀ ajé, òfin. Kò sẹ́ni tó gbọ́ pé wọ́n fi lẹ́tà kọ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè bí a ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ṣe. Inú ọgbà iṣẹ́ wọn ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, lẹ́bàá irin gan-an, ni wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn.

Lẹ́yìn lẹ́tà ni tẹlifíṣọ̀n dé. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní lọ́kàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà dá Open University sílẹ̀ ní 1969, wọ́n sì ń gba orí ẹ̀rọ BBC kọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jọ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, kò lè gbọ́ ìbéèrè.

Ní ilé wa níbí, Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1974 fún àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Ní 1976, nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kárí orílẹ̀-èdè, tí ọmọ pọ̀ ju tíṣà lọ, ìjọba àpapọ̀ dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná. Kò ṣeé ṣe láti kó gbogbo tíṣà tí kò tíì kúnjú òṣùwọ̀n kúrò nídìí ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìwé ni wọ́n kó fún wọn kí wọ́n máa kà nílé. Àmọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní àkókò ìsinmi, àwọn tíṣà náà a pàdé ní ibùdó ẹ̀kọ́ nítòsí wọn, lọ́pọ̀ ìgbà nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò, lọ́dọ̀ olùkọ́ tí wọ́n lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Yunifásítì NOUN náà, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983, tí àwọn ológun tì pa ní 1984, tí ìjọba Ọbásanjọ́ sì jí dìde ní 2002, kò fi ibùdó ẹ̀kọ́ ṣeré.

Ohun tí ìtàn yìí ń sọ nìyẹn: ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn tó yọrí sí rere ní ilẹ̀ wa kì í sábà dá dúró. Yàrá kan máa ń wà níbì kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé.

Zoom ló wá mú kí àwọn kan rò pé yàrá náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, kò sí ọ̀nà mìíràn. Iléeṣẹ́ Zoom, tó ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 olùkópa lójúmọ́ ní ìparí 2019, ń gba mílíọ̀nù 300 nígbà tó fi di oṣù Igbe ọdún 2020. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa: èyí ju lẹ́tà lọ, ó sì ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè nawọ́, ó lè béèrè, olùkọ́ sì lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlàyé lórí òfin owó orí tuntun, ìlànà ilé ìfowópamọ́, tàbí bí a ṣe ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan, n kò rí ìdí tí ará Ìgàndò fi gbọ́dọ̀ lo wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà tí ọwọ́ ń kọ́ kí orí tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ẹ́bólà wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù Agẹmọ ọdún 2014, ènìyàn 20 ló mú, mẹ́jọ sì kú, kí àjọ WHO tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wàrà pé Nàìjíríà ti bọ́. Lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa ni bí a ṣe ń bọ́ aṣọ ìdáàbòbò lẹ́yìn ìtọ́jú aláìsàn. Bíbọ́ rẹ̀ léwu ju wíwọ̀ rẹ̀ lọ. Àṣìṣe ìka kan lè pa ènìyàn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì ọ́, kó máa wo ọwọ́ rẹ, kó sì dá ọ dúró kí o tó fara kan ibi tí kò yẹ. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba Alimọ́ṣọ́ ní Ìgàndò lè gbọ́ àlàyé rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè kọ́ ọ níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà náà gbọ́dọ̀ wà lọ́jà ni. Nínú iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí èmi náà ṣe, ohun tí mo rí kọ́ níbi tí mo dúró sẹ́yìn olóòtú, tí mò ń wo bí ó ṣe ń fi bírò pupa gé ọ̀rọ̀ mi, kò sí nínú ìwé tí a fún wa ní yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀. Òfin tó dá Industrial Training Fund sílẹ̀ ní 1971 fi ẹrù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lé agbanisíṣẹ́ lórí: àwọn tí òfin náà dé gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn sínú àpò náà. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, àjọ yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde pẹ̀lú ìmọ̀ ìwé láì ní ìmọ̀ ọwọ́. Lónìí, nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá bọ́ sórí ayélujára, agbanisíṣẹ́ kò san owó gbọ̀ngàn mọ́, kò san owó oúnjẹ, kò sì san owó ọkọ̀. Ta ló wá ń sanwó? Òṣìṣẹ́ ni. Òun ló ń ra dátà, èyí tí àjọ NCC fọwọ́ sí kí owó rẹ̀ àti ti ìpè lè gòkè tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025. Òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ bí iná bá lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá pàápàá kò rí íńtáńẹ́ẹ̀tì lò dáadáa. Kí la ó wá sọ nípa ẹni tó wà nínú yàrá kan ní Ìgàndò? Pabanbarì rẹ̀ ni pé, nítorí òṣìṣẹ́ wà nílé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń yọ́ bọ́ sí aago méje alẹ́ àti ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ìyálọ́mọ ń dáná lọ́wọ́.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ẹ̀kọ́ ayélujára lè gba apá kan iṣẹ́ kíláàsì. Kò lè gba gbogbo rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tó bá yàn án gbọ́dọ̀ san owó dátà, kó sì fi í sáàárín wákàtí iṣẹ́. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọgbọ́n ọdún 1976. Kò pọn dandan kí ará Ìgàndò lọ sí Victoria Island, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní Alimọ́ṣọ́ ní kíláàsì tó ń ṣófo lọ́jọ́ Sátidé àti nígbà ìsinmi. Kí àwọn agbanisíṣẹ́ àti ìjọba ìpínlẹ̀ pawọ́ pọ̀, kí wọ́n fa iná àti íńtáńẹ́ẹ̀tì sí díẹ̀ nínú wọn, kí olùkọ́ tó mọṣẹ́ dúró níwájú, kí wọ́n sì ka ọjọ́ náà mọ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tó wà ní Abúlé Ẹ̀gbá, Ìkọ̀tún tàbí Ìgàndò á fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ tàbí kí ó wọ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo.